Ẹni Tó Bọ́ Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Lewin

Ohun tí wọ́n jí kò ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ.

Wúrà ló kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ Sátidé ni. Ó dé láti wá fún Bàbá Lewin ní tíì àti oògùn, bó ṣe máa ń ṣe. Òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú kan.

Ọ̀dà pupa wà lára ilẹ̀kùn. Lẹ́tà gàdàgbà. Wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí Júù jáde.

Lára òpó ọ̀tún, ihò ìṣó méjì ló kù.

Ẹni tó ń gbé Eastbury, ní ìlà-oòrùn London, mọ̀ pé ènìyàn kì í pariwo nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. O máa kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ. O máa wo fèrèsé tó kọjú sí ọ. Wúrà wò ó. Kò rí ẹnì kankan. Kó tó pe ọlọ́pàá, físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó fi wọ̀lú ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Sájẹ́ǹtì Jọkẹ́ Adétúnbọ̀ ni wọ́n rán wá. Barking ni wọ́n bí i sí. Barking náà ló ti wọ aṣọ funfun ọmọdé nínú ìjọ Aládùúrà, kó tó dàgbà, kó tó di ọlọ́pàá, kó tó fi ìjọ sílẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún. Kì í sáré sọ̀rọ̀.

"Kí ló wà níbí yìí tẹ́lẹ̀?" Ó nawọ́ sí òpó.

"Wọ́n ń pè é ní mẹsúsà, ẹ̀gbọ́n. Idẹ kékeré kan ni, ó ní ihò nínú. Wọ́n ká awọ kan sínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i ní èdè Hébérù. Bàbá máa ń fọwọ́ kàn án tí wọ́n bá ń wọlé."

"Dúró síbi tí o wà. Má tẹ iwájú. Ta ló da iyanrìn síbí?"

"Èmi ni. Nígbà tí mo ń lọ ilé lánàá. Iyanrìn àti iyọ̀, kí Bàbá má bàa yọ̀ ṣubú."

Jọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ipa bàtà wá láti ojú pópó. Ó gun pèpéle, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀dà ti kán sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn dé etí pèpéle, ó sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Láti etí pèpéle yẹn, ẹsẹ̀ lásán ló tún padà wá. Ìka márùn-ún, ìka márùn-ún, gìgísẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ lásán náà lọ sí ìdí òpó ọ̀tún. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti tẹ ọ̀dà kan tó kán sílẹ̀, ó sì ti fà á.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ yẹn ni idẹ náà wà. Wọ́n ti ṣí i. Òfìfo ni.

"Wọ́n fi idẹ sílẹ̀," ni Jọkẹ́ wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Wọ́n mú awọ lọ."

"Mi ò fọwọ́ kàn án o, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ta ló bi ọ́? Bọ́ bàtà rẹ."

"Nínú òtútù yìí?"

"Bọ́ ọ, jàre. Ìbọ̀sẹ̀ náà."

Wúrà di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sí pupa kankan.

"Wọ̀ ọ́ padà. Ọ̀dọ̀ ta lò ń gbé?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá-ní-Ísírẹ́lì ìjọ wa. Màmá Magdalene Bọ́ládé. Àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé. Tí iṣẹ́ bá pẹ́, wọ́n a tún máa gbé oúnjẹ wá bá mi níbí."

Jọkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màmá Magdalene ti pọ̀n òun náà rí.

Bàbá Lewin jókòó ní yàrá iwájú, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa. Aránṣọ ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣì ń wá etí aṣọ láti ṣẹ́.

"Ẹ ò gbọ́ ariwo, bàbá?"

"Mo máa ń yọ ẹ̀rọ etí mi tí mo bá fẹ́ sùn."

"Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

"Èwo nínú wọn?"

"Báwo, bàbá?"

Bàbá náà wò ó. "Ogun àgbáyé kejì parí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Rédíò sọ ọ́, gbogbo ènìyàn ń jó. Èmi àti arákùnrin ìyá mi la ṣẹ́kù nínú ilé wa. A padà sí ìlú wa ní Póláǹdì. Obìnrin tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa, aṣọ òtútù ìyá mi ló wọ̀. Aládùúgbò wa ni. Ó máa ń fún mi ní wàrà tẹ́lẹ̀. Ó ní, 'Ẹ ṣì wà láàyè?' Kì í ṣe pẹ̀lú ayọ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó àáké jọ. Ogun ti parí o, sájẹ́ǹtì. Kì í ṣe ológun ló lé wa."

"Ẹ wá wá síbí."

"Mo wá síbí. Obìnrin tó gbà mí sílé gbọ́ orúkọ mi, ó ní yàrá ti kún. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Dagenham, wọ́n fọ́ gíláàsì rẹ̀. Wọ́n kọ nǹkan sí i. Ohun kan náà tó wà níta yẹn ni. Ọ̀dà ayé ìsinsìnyí ló kàn dára jù."

Wúrà gbé tíì wá.

"Kì í ṣe òun," ni bàbá náà sọ. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ yìí."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá Jọkẹ́ ti ní èrò tiẹ̀ lórí fóònù.

"Olùtọ́jú náà ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́, òun ló rí i, ó sì máa ń bọ́ bàtà nílé yẹn. Ẹsẹ̀ lásán, àbí?"

"Inú ilé ló ti ń bọ́ ọ, ọ̀gá, lórí ẹní. Ó ní sílípáàsì níbẹ̀. Kò bọ́ ọ níta rí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ́."

"Ó ti fọ ẹsẹ̀ nìyẹn. Àjẹ́ńsì tó gbà á síṣẹ́ ti ní kó jókòó sílé. Ọjọ́ Ajé ni màá fẹ̀sùn kàn án, àyàfi tí o bá mú ẹlòmíràn wá."

Wúrà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ti gbọ́. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án, iṣẹ́ lọ. Tí iṣẹ́ bá lọ, físà lọ. Kò sunkún. Ó kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ.

Jọkẹ́ jáde.

Ilé kejì ni ti Tẹ́rì. Ọkùnrin òyìnbó ni, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Agolo ọ̀dà pupa kan wà lẹ́bàá ògiri rẹ̀ níta, ìdérí rẹ̀ ò dé dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ọ̀dà mi ni," ni Tẹ́rì wí kí wọ́n tó bi í. "Àgbélébùú àsíá wa ni mo fi kùn sí orí òpópó níbẹ̀ yẹn. Látìgbà náà ló ti wà níta. Gbogbo ayé ló ń kọjá níbí."

"Omi lè fọ̀ ọ́ kúrò lára?"

"Omi kẹ̀? Wo ọwọ́ mi. Ọṣẹ kọ̀, kẹrosíìnì kọ̀. Àwọ̀ ara ló máa bọ́ ṣáájú."

Lóòótọ́, pupa wà nínú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti Bàbá Lewin?"

"Kò sí nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ ló ń gbé. Kì í ṣe bí àwọn onílù yẹn. Àwọn aláṣọ funfun, tí wọ́n wà ní gbọ̀ngàn igun yẹn nígbà kan. Èmi ni mo pe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, sí wọn. Mo pè, mo tún pè, títí wọ́n fi tì í pa." Inú rẹ̀ dùn sí i. "Má bínú o, tó bá jẹ́ ìjọ tìrẹ ni."

"Mi ò bínú. Ò ń sọ̀rọ̀ nípa Bàbá Lewin."

"Èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wọ́n. Àwọn ló ni gbogbo nǹkan."

"Ilé káńsù ni bàbá yẹn háyà, kò ní ilé tiẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe ń fi pamọ́ nìyẹn."

Jọkẹ́ mí kanlẹ̀. "Ká ní o fẹ́ yọ nǹkan lára òpó rẹ̀, ṣé wàá bọ́ bàtà?"

Tẹ́rì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Nínú yìnyín? Nítorí Júù?"

Lódìkejì òpópó ni Zoe ń gbé, ọmọ yunifásítì, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó máa ń lọ sí ìwọ́de lórí ogun Gásà. Páálí tó kùn ní pupa kún inú yàrá rẹ̀.

"Aunty, ọ̀dà omi ni tèmi. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi omi fọ̀ ọ́. Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Pípa àwọn ọmọdé ni mo lòdì sí."

"Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Bàbá aránṣọ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ńkọ́?"

"Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kó wá sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò sí lẹ́yìn ìjọba Ísírẹ́lì. Ó ti ilẹ̀kùn."

"O kan ilẹ̀kùn Tẹ́rì náà? O ní kó wá sọ ní gbangba pé òun ò sí lẹ́yìn àwọn ogun tí ìjọba tiẹ̀ jà?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

Zoe bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn páálí rẹ̀ jọ.

"Idẹ ara òpó rẹ̀, kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀lì. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò dún."

Jọkẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò tan iná rẹ̀. Ó jókòó.

Tẹ́rì ò mọ̀ pé nǹkan wà nínú idẹ. Zoe rò pé bẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó wá yìí mọ̀. Ó ṣí i. Ó fi idẹ sílẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ.

Ó tún wò ó lọ́kàn rẹ̀. Ẹni yẹn wọ bàtà nígbà tó ń kọ èébú sára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló padà sẹ́yìn, ó bọ́ bàtà nínú òtútù bẹ́ẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síbi òpó. Nítorí èébú, kò bọ́ bàtà. Nítorí awọ yẹn, ó bọ́ ọ.

Àwọn wo ló ń bọ́ bàtà níwájú ohun mímọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní láti sọ fún wọn?

Ó mọ̀ wọ́n. Òun náà ti bọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ sì ti gbá a létí nígbà tó gbàgbé. Ó ń wù ú kó jẹ́ Tẹ́rì.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó wakọ̀ lọ sí Creekmouth. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn máa rò pé wọ́n ń sin Ọlọ́run: lọ́rì, irin àlòkù, òórùn odò. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ni ìjọ kó lọ látìgbà tí káńsù ti gbọ̀ngàn Eastbury pa. Bàtà tò lẹ́nu ọ̀nà. Jọkẹ́ bọ́ tiẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà dà bí yìnyín.

"Háà! Ọmọ wa ọlọ́pàá!" ni ìyá kan kígbe. "Ṣé o wá mú wa ni?"

"Tí ẹ bá ṣẹ̀, màmá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jọkẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, níhà ti àwọn obìnrin.

Wúrà wà ní igun, kò gbójú sókè. Ìròyìn ti dé etí ìjọ. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀ àti lápá òsì.

"Ẹ kúnlẹ̀!" ni ohùn kan ké níwájú. "Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹ ké pe Ọlọ́run Ísírẹ́lì!"

Ìjọ wólẹ̀. Iwájú orí kan ilẹ̀, aṣọ funfun bo gbogbo wọn. Ẹni tó bá wà níwájú, orí ló máa rí. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn, àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Jọkẹ́ ò di ojú. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó ń rìn síwájú, ó ń wo ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà dé ìlà. Ẹsẹ̀ tó kún fún eruku. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi òrí pa. Ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò dúró jẹ́ẹ́.

Ní ìlà kejì láti iwájú, gìgísẹ̀ ọ̀tún kan gbòòrò, ó sì sán. Wọ́n ti ha á débi pé ara rẹ̀ bó. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ibi tó sán, pupa wà níbẹ̀ bí òwú.

Ó wo ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà. Ó tún wò ó. Ó ń wù ú kó jẹ́ pé ojú òun ń tan òun jẹ ni.

"Jèhófà Ísírẹ́lì!" ni ẹni náà ń ké, ohùn rẹ̀ bo ti gbogbo ènìyàn mọ́lẹ̀. "Rántí àwọn ènìyàn rẹ!"

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tí wọ́n ń kó àbẹ́là sí. Ibẹ̀ ni Jọkẹ́ ti bá Màmá Magdalene lẹ́yìn ìsìn.

"Jọkẹ́ mi! O ti rù. Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ ní tèṣọ́n ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí gìgísẹ̀ ọ̀tún yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ tí mo pọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ẹ̀yìn yìí lo tọ̀ sí."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Màmá Magdalene jókòó lórí páálí àbẹ́là. Kò gbé ẹsẹ̀ sókè. Kò sì fi pamọ́.

"Ẹ ò ní láti sọ ohunkóhun o," ni Jọkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ò le tó bó ṣe yẹ. "Ohun tí ẹ bá sọ, wọ́n lè lò ó níwájú adájọ́. Ẹ lè pe lọ́yà."

"Níwájú Ọlọ́run ni mo wà. Sọ ohun tí o ní."

"Ẹ kúrò níbi ìṣọ́ òru ìjọ láàárọ̀ Sátidé, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ẹ gba iwájú ilé Bàbá Lewin. Ẹ mọ ilé náà, ẹ máa ń gbé oúnjẹ wá fún Wúrà níbẹ̀. Ẹ rí ọ̀dà lẹ́bàá ògiri Tẹ́rì, ẹ mú un, ẹ kọ ohun tí ẹ kọ. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ yín nígbà yẹn. Ẹ wá rí mẹsúsà. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán lọ síbẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀dà tí ẹ̀yin fúnra yín kán sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú rẹ̀," ni Màmá Magdalene wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Ó wà nínú Deuteronómì, kí wọ́n kọ ọ́ sára òpó ilé. Ṣé kí n wọ bàtà lọ fọwọ́ kàn án ni?"

"Ẹ wọ bàtà kọ ọ́ pé kí Júù jáde."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ yọ ọ́?"

"Kì í ṣe tiwọn mọ́. Wọ́n kan Olúwa mọ́ igi. Àwa ni Ísírẹ́lì nísinsìnyí. Kí ni ọ̀rọ̀ Bàbá wa ń wá lára òpó wọn?"

"Bàbá Lewin ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́ igi, màmá. Ṣòkòtò ló ń rán ní Dagenham."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ti gbọ̀ngàn wa pa? Ibi tí wọ́n ti sọ yín lórúkọ, ibi tí a ti tẹ́ òkú ọkọ mi. Òun ni! Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù ládùúgbò rẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Ó ń bọ̀ lórí fóònù mi lójoojúmọ́, fídíò lóríṣiríṣi. Àwọn ló ni báńkì, àwọn ló ni ìjọba. Àwọn ló ni káńsù."

"Tẹ́rì ló pe káńsù, màmá. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Tẹ́rì tí ẹ fi ọ̀dà rẹ̀ kọ̀wé."

Jọkẹ́ dúró. Ó ń retí ìtìjú. Ìtìjú kékeré ì bá tó o.

Màmá Magdalene gbé ojú sókè.

"Ta ló wà lẹ́yìn Tẹ́rì?" ló bi í.

Jọkẹ́ fi ọwọ́ kan ògiri. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Wúrà ńkọ́? Ẹ gbọ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ mú. Ilé yín ló sùn lánàá. Ẹ rí i bó ṣe ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́."

Ibẹ̀ ni omi ti wá sójú ìyá náà. "Mo gbààwẹ̀ fún un. Láti àná, omi ò kàn mí lẹ́nu. Mo ní kí Ọlọ́run Ísírẹ́lì yọ ọ́."

"Ẹnu yín ì bá yọ ọ́, màmá. Ọ̀rọ̀ kan péré."

Ìyá náà fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú.

"Awọ náà dà?"

"Lórí pẹpẹ. Lábẹ́ aṣọ funfun. Mi ò lè sọ ọ́ nù."

Ibẹ̀ náà ni Jọkẹ́ ti bá a, ó ká dáadáa, wọ́n fi òwú funfun dì í.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìjọ ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn bàtà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá tó kí i láàárọ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Nítorí Júù?"

Tẹ́rì náà ti sọ ọ́ báyẹn, pẹ̀lú ohùn kan náà. Jọkẹ́ ò sọ ìyẹn fún wọn. Ó ti Màmá Magdalene lẹ́yìn jẹ́jẹ́ wọ inú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ kó má bàa gbá ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé wọn ò fẹ̀sùn kan Wúrà. Ọ̀gá sọ fún Jọkẹ́ pé ó káre, ó sì gbé ẹjọ́ mìíràn fún un.

Jọkẹ́ gbé awọ náà padà fún Bàbá Lewin. Ó rí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin bàbá náà ń kó àwo sínú bébà. Àríwá London ló fẹ́ mú un lọ, sí ilé àwọn arúgbó Júù kan tí ẹ̀ṣọ́ ń wà lẹ́nu géètì rẹ̀.

"A ti mú un, bàbá. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹ ò nílò láti lọ mọ́."

"Obìnrin tó ń gbé ìrẹsì wá fún Wúrà," ni bàbá náà sọ. "Ó máa ń kí mi. Ó máa ń pè mí ní ẹni àyànfẹ́."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni, bàbá. Tẹ́rì kọ́. Zoe kọ́. Wúrà kọ́."

"Mo mọ̀. Mo jókòó síbi fèrèsé yìí, mo ń wò ọ́ bí o ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Tẹ́rì jáde wá wo ilẹ̀kùn mi. Ọmọbìnrin yẹn náà wá wò ó. Àwọn tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì wò ó. Sájẹ́ǹtì, kò ya ẹnì kankan lẹ́nu." Ó ká awọ náà sínú àpò àyà rẹ̀. "Ìyẹn ni mi ò lè bá gbé. Ẹni tó kọ ọ́, mo lè bá a gbé. Mo ti ń bá a gbé látọjọ́ pípẹ́."

Jọkẹ́ fẹ́ dáhùn. Ó rántí pé kò ya òun náà lẹ́nu.

Àjẹ́ńsì dá iṣẹ́ Wúrà padà. Ṣùgbọ́n kò sí Bàbá Lewin mọ́ láti tọ́jú, nítorí náà wọ́n fún un ní ìyá òyìnbó kan ní Marks Gate. Ilé Màmá Magdalene náà ti di èèwọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ti di ẹrù Wúrà sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n gbé e sí ìta. Orí àga ẹlòmíràn ló ń sùn. Ó ní kò burú. Iṣẹ́ wà, físà wà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ sí Marks Gate, Jọkẹ́ ń wakọ̀ kọjá lójú ọ̀nà A12. Ó rí i tó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lára. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ò tíì lù. Ó páàkì.

"Wúrà. Kí lò ń ṣe níbí? Ṣé iṣẹ́ ti parí ni?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Kí lo ṣe?"

"Mo ń nu ẹsẹ̀ fún màmá náà. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, 'Áà, Júù tó wà nínú ìwé ìròyìn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí ayé lè káàánú wọn.'"

Lọ́rì ńlá kan kọjá, ilẹ̀ gbọ̀n.

"Nọ́ńbà àjẹ́ńsì wà lára fíríìjì wọn, ẹ̀gbọ́n. Mo ń wò ó. Mo sọ fún ara mi pé, Wúrà, ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí o nù. Nu ẹsẹ̀."

"O dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Wọ́n tún sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kí n bá wọn rẹ́rìn-ín."

"Kí lo wá ṣe?"

Wúrà wo ojú títì bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀.

"Mo dá wọn lóhùn," ló wí.

Jọkẹ́ jókòó tì í lórí irin tútù náà. Ó mọ òfin tó lè fi mú ẹni tó kùn ọ̀dà sára ilẹ̀kùn. Ó wá inú orí rẹ̀ fún òfin tó lè fi mú ìyá arúgbó tó wà nínú ilé rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, tó ń tẹ nọ́ńbà àjẹ́ńsì sórí fóònù. Kò rí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Wúrà bi í, "ti eléyìí, ta lẹ máa mú?"